Ta ló yẹ kó san án? Bí òfin ṣe pín bíìlì ilé, iná, ilé ìwòsàn àti gbèsè olóògbé

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lórí fóònù wa nígbàkúùgbà tí a bá ṣí ètò sílẹ̀ fún aráàlú: "Wọ́n gbé bíìlì wá bá mi, ṣé èmi ló yẹ kí n san án?" Ẹnìkan kó dé ilé tuntun, ó bá gbèsè iná tí ẹni tó kó jáde fi sílẹ̀. Bàbá ẹlòmíì kú, wọn ò tíì sin òkú tán tí àwọn tó yá bàbá lówó fi dé ẹnu ọ̀nà. Ẹlòmíì sì rèé, owó tí àbúrò rẹ̀ yá ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ní kó wá sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ohun tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé ẹni tí wọ́n gbé bíìlì wá bá àti ẹni tí òfin ní kó san án lè má jẹ́ ẹnìkan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń san gbèsè tí kì í ṣe tiwọn nítorí ìbẹ̀rù tàbí ìtìjú. Àwọn mìíràn sì wà tó ń sá fún èyí tó jẹ́ tiwọn gan-an, títí wọ́n fi ń rí ìwé kóòtù. A ti kó àlàyé náà jọ síbí bó ṣe wà nínú òfin Nàìjíríà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilé gbígbé, òfin ìpínlẹ̀ Èkó la fi ṣàpẹẹrẹ, nítorí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin ilé gbígbé tirẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó mówó jáde

Àkọ́kọ́: ta ló ṣe àdéhùn? Àdéhùn kì í de ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó yá owó, tó gba ilé, tó ra ọjà àwìn tàbí tó ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ fún òun ló jẹ gbèsè.

Ìkejì: ṣé òfin ti dárúkọ ẹni tó ń san án? Àwọn owó kan wà tí kò nílò àdéhùn rárá. Owó orí ilé àti ilẹ̀ wà lára wọn. Òfin fúnra rẹ̀ ló gbé e lé ẹnìkan lórí, bóyá ó bá a lára mu tàbí kò bá a lára mu.

Ìkẹta: ṣé ẹ ti fọwọ́ sí ìwé pé ẹ máa dúró fún ẹlòmíì? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, gbèsè ẹlòmíì lè di tiyín, bí ẹ ò tilẹ̀ fojú kan kọ́bọ̀ nínú owó náà.

Tí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ pé kò kàn yín, ẹ ò jẹ gbèsè. Jíjẹ́ ọmọ, jíjẹ́ aya, jíjẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò onígbèsè nìkan kò sọ èèyàn di onígbèsè.

Nínú ilé: èyí tó jẹ́ ti onílé àti èyí tó jẹ́ ti ayálégbé

Òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 pín iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ pé òfin náà yọ Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Níbi tó kù, bó ṣe rí nìyí.

Ti ayálégbé: owó ilé lásìkò tí wọ́n fi àdéhùn sí, àwọn owó tí òfin kò gbé lé onílé lórí, àti ìtọ́jú inú ilé tó ń lò. Bí ọmọ yín bá fọ́ fèrèsé, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é. Àmọ́ ohun tó gbó fúnra rẹ̀ nítorí ọjọ́ ti pẹ́, irú bí ọ̀dà tó ṣá lára ògiri, kò sí lọ́rùn yín.

Ti onílé: àwọn owó tí òfin là kalẹ̀ fún onílé, àtúnṣe ìta ilé àti ibi tí gbogbo ará ilé jọ ń lò, àti owó ìbánigbófò lórí ilé náà. Òrùlé tó ń jò, àtẹ̀gùn tó ń wó, ṣáláńgá tàbí kànga gbogbo ilé, ọ̀dọ̀ onílé ni gbogbo ìyẹn wà. Bákan náà, onílé kò gbọdọ̀ gé omi tàbí ohun mìíràn tí gbogbo ilé jọ ń lò kó lè fi fi agbára gba owó lọ́wọ́ ayálégbé. Kò sì gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀ torí owó ilé. Kóòtù ni ibi tí wọ́n ti ń gba irú owó bẹ́ẹ̀.

Owó àsansílẹ̀ ńkọ́? Òfin kan náà sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ti ń gbé inú ilé, tó ń san owó oṣooṣù, wọn ò gbọdọ̀ gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó ń san ti ọdọọdún, ọdún kan ni. Ìtanràn rẹ̀ ni ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onílé kò ka èyí sí, ṣùgbọ́n ohun tí òfin sọ nìyẹn.

Tí onílé bá tún gba owó ìtọ́jú ilé yàtọ̀ sí owó ilé, risíìtì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà. Ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, lórí ìwé. Tí wọ́n bá ń gba owó gíláàsì iná ìta àti owó mẹ́gàádì lọ́wọ́ yín láti ọdún yìí wá tí ẹ ò rí àkọsílẹ̀ kankan, ẹ béèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni, kì í ṣe àrífín.

Owó ilẹ̀ àti owó kánsù

Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fún kánsù láṣẹ láti gba owó orí ilé. Nílùú Èkó, ìjọba pa owó mẹ́ta pọ̀ sójú kan: owó orí ilé yẹn, owó ilẹ̀ tí ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ ń san lọ́dọọdún, àti owó àtúnṣe àdúgbò. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sí Land Use Charge nìyẹn. Ọdún 2001 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe òfin rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe òfin tuntun lé e lórí ní 2018 àti 2020.

Ẹni tó ni ilé ló ń san án. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan gba ilé náà fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè di ti ẹni náà. Ṣùgbọ́n ayálégbé tó ń san owó ilé lọ́dọọdún kọ́ ni òfin ń bá wí. Tí àwọn òṣìṣẹ́ bá lẹ ìwé mọ́ géètì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa bá a san án kí wọ́n má baà ti ilé, ẹ rí i pé onílé kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun máa yọ ọ́ nínú owó ilé, kí ẹ sì tọ́jú risíìtì.

Kánsù náà ní àwọn owó tirẹ̀ tó ń gbà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù. Owó láísẹ́ńsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn èèyàn máa ń fi ṣe ẹ̀rín, wà lára ohun tí òfin 1999 fún kánsù láti gbà. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń san án, kì í ṣe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ wà. Kí ẹ tó san owó kánsù kankan, ẹ béèrè ìwé tó ní orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ lórí, kí ẹ sì san án sí báǹkì. Owó tí wọ́n gbà sọ́wọ́ láìsí risíìtì kò pa gbèsè rẹ́.

Owó iná: níbi tí wàhálà pọ̀ sí jù

Àwọn àgbà ní ẹni tó jẹ gbì ló ń kú gbì. Lọ́rọ̀ iná, ẹni tó lo iná ló jẹ gbèsè iná. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé àkáǹtì iná kì í sábà tẹ̀ lé èèyàn. Inú ilé ló máa ń jókòó sí. Orúkọ onílé tàbí nọ́ńbà ojúlé ló wà lórí rẹ̀. Ayálégbé á kó lọ, gbèsè á dúró. Tó bá jẹ́ mítà tó ń lo káàdì, wọ́n lè ti gbé gbèsè àtijọ́ sórí rẹ̀, kó wá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ayálégbé tuntun bá ra yúníìtì ni wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀.

Ẹni tuntun kò sí nínú àdéhùn tó bí gbèsè náà. Ṣùgbọ́n òun ló máa ṣàlàyé pé òun ò sí níbẹ̀, ẹ̀rí ló sì máa gbà á. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó ilé:

– Ẹ béèrè bíìlì iná tó kẹ́yìn, tàbí kí ẹ fi nọ́ńbà mítà wo iye gbèsè tó wà lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iná.
– Ẹ jẹ́ kí onílé kọ ọ́ sínú àgíríméǹtì pé gbèsè tó bá wà kí ẹ tó wọlé, òun ló ni ín.
– Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ya fọ́tò ojú mítà pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀.
– Ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ iná pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà kan fún yín.

Ẹ̀yin onílé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà. Ẹ má dá owó tí ayálégbé fi sílẹ̀ bí owó ìdúró padà láìrí risíìtì iná tó kẹ́yìn.

Ilé tí ojúlé mẹ́jọ ti ń lo mítà kan ńkọ́? Lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iná, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àkáǹtì ni wọ́n mọ̀. Bí ẹ ṣe pín in láàárín ara yín, àdéhùn ilé yín nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, iye fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù tó wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ìjà má baà máa ṣẹlẹ̀ ní òpin oṣù.

Àwọn tí kò ní mítà, tí wọ́n ń fún ní bíìlì àfojúdíwọ̀n: àjọ NERC ti pàṣẹ láti ọdún 2020 pé iye tí wọ́n lè kọ fún yín lóṣù ní òdiwọ̀n. Ohun tó bá lé lórí òdiwọ̀n yẹn, ẹ lè kọ̀wé ta kò ó. Ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ ra mítà lábẹ́ ètò MAP, iléeṣẹ́ iná ló yẹ kó máa dá owó náà padà fún un ní yúníìtì iná.

Tiransifọ́mà ńkọ́? Òpó, wáyà àti tiransifọ́mà jẹ́ ojúṣe iléeṣẹ́ iná. Ìlànà NERC ti ọdún 2015 gbà kí àdúgbò fowó sí i bí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá iléeṣẹ́ iná fọwọ́ sí ìwé tó sọ bí owó wọn ṣe máa padà. Àdúgbò tó bá ti dáwó ra tiransifọ́mà láìsí ìwé, ó máa ṣòro kí wọ́n tó rí owó náà gbà padà.

Ẹ rántí pé láti ìgbà tí òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 ti dé, àwọn ìpínlẹ̀ ti ń gba àbójútó iná sọ́wọ́ ara wọn. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti Èkó wà lára wọn. Níbẹ̀, àjọ tó ń rí sí iná ní ìpínlẹ̀ yín ni ẹ máa gbé ẹjọ́ lọ bá, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná.

Owó ilé ìwòsàn

Aláìsàn tó gba ìtọ́jú ló jẹ owó náà. Tó bá jẹ́ ọmọdé, àwọn òbí rẹ̀ ni. Ẹni tó rí olóògùn lójú títì lẹ́yìn ìjàǹbá, tó gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́nà àánú, kò jẹ gbèsè kankan, àfi tó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun máa san án. Nítorí náà, ẹ ka ìwé tí nọ́ọ̀sì bá gbé síwájú yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ìyàtọ̀ wà láàárín kíkọ orúkọ sílẹ̀ pé "èmi ni mo gbé e wá" àti kíkọ ọ́ pé "èmi ni mo máa san án".

Òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú ewu pàjáwìrì, ohun yòówù kí ìdí rẹ̀ jẹ́. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá kọ̀. Ti ẹni tí ìbọn bà, òfin ọdún 2017 ní kí wọ́n gbà á láìbéèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú àti láìdúró de ìwé ọlọ́pàá.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, owó kò parẹ́ o. Ilé ìwòsàn lè pe aláìsàn lẹ́jọ́. Ohun tí kò lè ṣe ni kó ti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ mọ́lé títí ẹbí á fi rówó. Orí karùndínlógójì nínú òfin 1999 ka àwọn ìdí tí wọ́n fi lè gba òmìnira èèyàn, owó ilé ìwòsàn kò sí lára wọn.

Ọmọ, iléèwé àti tọkọtaya

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ti gbà wọlé, sọ pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe tó. Bàbá àti ìyá ni òfin ń bá wí. Bí wọ́n bá ti túká, ẹrù ọmọ kò túká pẹ̀lú wọn.

Ní iléèwé ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta girama, òfin ọdún 2004 sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá gba owó iléèwé lọ́wọ́ òbí ṣẹ̀ sófin. Ní iléèwé aládàáni, òbí tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ ló ń san án.

Láàárín tọkọtaya, gbèsè kálukú tirẹ̀ ni. Báǹkì kò lè gba ṣọ́ọ̀bù ìyàwó torí owó tí ọkọ yá, bí ìyàwó kò bá fọwọ́ sí i. Ohun kan péré ló yàtọ̀: tí ìyàwó tó ń bá ọkọ gbé bá ra oúnjẹ tàbí aṣọ tó bá ipò ilé wọn mu láwìn, òfin lè kà á sí pé ọkọ ló rán an, àfi tí ọkọ bá fi hàn pé òun ń fún un lówó tó tó, tàbí pé òun ti kìlọ̀ fún ọlọ́jà ṣáájú.

Gbèsè olóògbé

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, bàbá lè fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà kó máa ṣiṣẹ́ fún olówó. Ológò náà wà, tó máa jókòó ti ilé onígbèsè títí owó á fi yọjú. Bóyá ibẹ̀ ni èrò náà ti wá pé gbèsè bàbá, gbèsè ọmọ ni. Òfin òde òní kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun ìní olóògbé ló ń san gbèsè olóògbé. Ìnáwó ìsìnkú tó mọ níwọ̀n àti ìnáwó lórí ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà gbèsè, kí wọ́n tó pín ohun tó kù. Ẹni tí ìwé ìhágún dárúkọ, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ gíga fún ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, ló ń ṣe é. Tí ohun ìní kò bá tó gbèsè, àwọn tí wọ́n jẹ lówó máa gba èyí tó bá wà, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Wọn ò lè tọ owó oṣù ọmọ.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ẹni tó bá sáré ta mọ́tò bàbá tàbí kó owó inú báǹkì rẹ̀ kó tó gba àṣẹ kóòtù, wọ́n lè mú un dáhùn fún gbèsè, tó iye ohun tó kó. Ilé tí bàbá fi dúró ní báǹkì náà ṣì wà lábẹ́ gbèsè náà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Tí ẹnìkan bá sì wá sọ pé bàbá jẹ òun, kó mú ìwé tàbí ẹlẹ́rìí wá. Kí ẹbí má ṣe fi ẹnu lásán gbà lójú òkú.

Onídùúró àti owó orí fóònù

Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé onídùúró ti ṣe ìlérí pé bí onígbèsè kò bá san, òun á san. Báǹkì tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè pe òun náà lẹ́jọ́. Kó tó fọwọ́ sí i, kó béèrè iye owó, èlé àti ọjọ́ tó máa parí, kó sì gba ẹ̀dà ìwé.

Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù yàtọ̀. Kí orúkọ yín wà nínú fóònù ẹni tó yáwó kò sọ yín di onídùúró. Ẹ ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Láti ọdún 2022 ni àjọ FCCPC ti bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi òfin de fífi ìtìjú gba owó. Ẹ ya fọ́tò ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n fi ránṣẹ́, kí ẹ fi ṣẹjọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó yáwó gan-an kò bọ́ o. Láti 2020, báǹkì tó yá a lówó lè yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì mìíràn tó ní ní báǹkì míì, nípasẹ̀ BVN.

Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó gbèsè

Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní orí kejìlélọ́gbọ̀n, sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí pé ó ba àdéhùn jẹ́ nìkan. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 náà sọ bẹ́ẹ̀, ó sì tún fi kún un pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíì. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Tí wọ́n bá mú ìyá torí owó tí ọmọ rẹ̀ jẹ, òfin ni wọ́n rú. Jìbìtì àti sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀, ọlọ́pàá lè bá ìyẹn wí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é ni wọ́n máa mú.

Ẹ̀yin tí wọ́n jẹ lówó náà, òfin kò gbàgbé yín. Nílùú Èkó, kóòtù ẹjọ́ kéékèèké ti wà láti ọdún 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ẹ máa kọ́kọ́ fi ìwé béèrè owó ránṣẹ́ sí onígbèsè, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Kò di dandan kí ẹ gba lọ́yà.

Tí bíìlì bá dé ọwọ́ yín lónìí tí kò yé yín, ẹ má fà á ya, ẹ má sì sáré san án. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀, ọjọ́ tí gbèsè náà bẹ̀rẹ̀, àti ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Ẹ kọ èsì padà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà. Tí agbára yín kò bá gbé lọ́yà, àjọ Legal Aid Council àti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò aráàlú ní ìpínlẹ̀ yín wà fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe é fún ẹni tí kò ní.